Orúkọ Ìyá Mi Lára Ìgò

Dókítà Ayọ̀kúnmi gbé ìgò kékeré náà sókè sí ojú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ inú rẹ̀. Nínú omi tó mọ́ gaara tó wà níbẹ̀, ohun fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó gùn tó èékánná, tó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

"Ṣé nítorí ìyẹn lẹ ṣe gún mi?" Tàíbátù béèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló fi dùbúlẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, kí ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé má baà ṣẹ̀jẹ̀. "Òwú lẹ fà yọ lára mi, Dókítà. Ẹ ò bá ti sọ fún mi, ǹ bá gbé òwú wá láti ṣọ́ọ̀bù."

Nọ́ọ̀sì tó ń ká báńdéèjì bú sẹ́rìn-ín. Dókítà pàápàá rẹ́rìn-ín. Motúnráyọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo bí egungun èjìká ìyá rẹ̀ ṣe yọ lábẹ́ aṣọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, òun nìkan sì ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí.

Aránṣọ ni Tàíbátù. Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń rán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mọlípa, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú kí àwọn òbí máa wá bá a láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú-Imusin ni orúkọ tó máa ń fi òwú kọ sí ẹ̀yìn ọrùn aṣọ ọmọ tó bá ń lọ gbé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Kì í fi bírò kọ ọ́, nítorí pé omi ọṣẹ máa ń pa bírò rẹ́. Ọwọ́ ló fi ń gún un, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, títí kan àwọn àmì ohùn orí rẹ̀. Bí òbí kan bá ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí àmì, á dáhùn pé orúkọ tí kò bá ní àmì, orúkọ ẹlòmíràn ni.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọkọ rẹ̀ kú. Ibà ni gbogbo ènìyàn ń pe àìsàn náà. Wọ́n tọ́jú ibà, ibà kò lọ. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe, títí ọkùnrin náà fi gbẹ mọ́ ẹní. Wọ́n sin ín, wọn kò mọ ohun tó pa á. Lẹ́yìn ìsìnkú ni Tàíbátù lọ ṣe àyẹ̀wò fún ara tirẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé kòkòrò HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Motúnráyọ̀ náà wò, tirẹ̀ mọ́. Tàíbátù bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn, ara rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó kọjá, ìbànújẹ́ ọkọ rẹ̀ dé sí i lára lọ́nà tí kò retí, ó pa oògùn tì fún oṣù mélòó kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó fi máa padà sídìí rẹ̀, agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá àrùn jà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀rọ̀ ti di éèdì.

Láti oṣù méjì sẹ́yìn ni ibà ti ń mú un ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Aṣọ tó rán fún ara rẹ̀ nígbà Iléyá ti di ohun tí ènìyàn méjì lè wọ̀. Wọ́n yẹ itọ́ rẹ̀ wò bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, wọn kò rí nǹkan. Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, ó mọ́. Dókítà Ayọ̀kúnmi ló fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, tó rí i pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti wú.

Kí wọ́n tó gún un, Dókítà jókòó, ó sì ṣàlàyé fún tìyátọmọ. Ó ní nínú ara ẹni tí éèdì bá ti dá lágara, oríṣiríṣi nǹkan ló lè máa gbé nínú ẹ̀dọ̀. Ó lè jẹ́ kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ó sì lè jẹ́ pé oògùn tí ènìyàn ń lò ni ẹ̀dọ̀ kò gbà. Láti ìta, gbogbo wọn jọra. Oògùn wọn kò sì jẹ́ ọ̀kan náà.

"Bí mo bá ń méfò, mo lè fi oògùn pa yín," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀, kí a wò ó lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa sọ ohun tó ń ṣe é."

Bàbá Luqman, ẹ̀gbọ́n ọkọ Tàíbátù, kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Ó ní ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tọ́, pé bí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa ìyàwó àbúrò òun, kí ni òun fẹ́ sọ. Tàíbátù jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán.

"Bàbá Luqman, mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí n kú," ó ní. "Ṣùgbọ́n àbúrò yín ti kú, a ò sì mọ ohun tó pa á títí dòní. Èmi fẹ́ mọ tèmi."

Ó gba bírò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì fọwọ́ sí ìwé fúnra rẹ̀.

Ilé ìwòsàn náà kò ní ibi tí wọ́n ti ń wo ẹran ara. Yàrá àyẹ̀wò ńlá kan ní Ṣágámù ni wọ́n ń gbé e lọ, ẹbí aláìsàn ló sì máa ń gbé e. Ìgò méjì ni Dókítà kó sínú kúlà kékeré kan tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran ara bàjẹ́ wà nínú ọ̀kan. Omi iyọ̀ wà nínú èkejì, kí wọ́n lè wá kòkòrò inú rẹ̀. Ó lẹ bébà kọ̀ọ̀kan mọ́ wọn lára. Orúkọ Tàíbátù wà lórí bébà náà, àti ọjọ́, àti orúkọ ilé ìtọ́jú tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba oògùn HIV.

"Kúlà yìí kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ," Dókítà sọ fún Motúnráyọ̀. "Kí o sì débẹ̀ kí aago méjì tó lù. Ẹ̀jẹ̀ màmá rẹ kì í tètè dá, kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ tún ṣe lẹ́ẹ̀kejì."

Ọjọ́bọ̀ ni, ilé-ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi àárín sáà. Motúnráyọ̀ wọ mọ́tò ní gáréèjì, ó gbé kúlà lé itan. Ó ku èrò méjì kí mọ́tò kún nígbà tó rí Ẹ̀bùnolúwa níwájú obìnrin tó ń ta ohun mímu. Àga kan náà ni àwọn méjèèjì ń jókòó sí ní kíláàsì. Ẹ̀bùnolúwa kò níkà nínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní sáà tó kọjá, òun ló wá sọ ní kíláàsì pé wọ́n rí bàbá ọmọ kan ní ilé ìtọ́jú yẹn. Títí wọ́n fi parí sáà, kò sẹ́ni tó bá ọmọ náà pín omi mu mọ́.

Ẹ̀bùnolúwa na ike ohun mímu rẹ̀ sókè, ó juwọ́, ó sì ń bọ̀ níbi mọ́tò náà.

Motúnráyọ̀ kò ronú. Ó ṣí kúlà, ó fi èékánná họ bébà ara ìgò kìíní, ó wá lódindi. Èkejì ya, igun kan ṣẹ́ kù sára ìgò. Ó ki bébà méjèèjì bọ àpò síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì ń dé kúlà padà nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé.

"Motún, ṣé o ti ń ta yógọ́ọ̀tì ni?" Ẹ̀bùnolúwa fara tì í. "Ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà ní Ayépé ni mò ń lọ. Jẹ́ kí n ki èyí sínú yìnyín rẹ, ó ti ń gbóná." Kí Motúnráyọ̀ tó fèsì, ó ti ṣí kúlà náà, ó sì bojú wò ó. "Kí lèyí? Ó dà bí ìdin."

"Iṣẹ́ ìwádìí ẹnì kan ní yunifásítì ni. Mo kàn ń bá a gbé e lọ sí Ṣágámù."

"Ti ta ni?"

"Kì í ṣe ti ẹni tí mo mọ̀."

Ẹ̀bùnolúwa ká imú, ó dé kúlà, ó sì gbé ohun mímu rẹ̀ dání títí wọ́n fi dé oríta Ayépé. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìdánwò, nípa tísà Mátíìmátíìkì, nípa bàtà. Motúnráyọ̀ kò gbọ́ ìdajì. Ohun tó ń gbọ́ ni gbólóhùn tó ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó yọ bébà méjèèjì jáde kó lè jù wọ́n gba ojú fèrèsé. Ó wò wọ́n. Ẹ̀rọ ló tẹ orúkọ náà, kò sí àmì kan lórí rẹ̀. Ó rántí ìyá rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí gíláàsì yọ̀ sórí imú rẹ̀, tó ń wá ibi tí àmì yẹ kó wà lórí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Kò lè jù wọ́n. Ó dá wọn padà sínú àpò.

Ọkùnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ti gíláàsì sí iwájú orí, ló ń gba ìgò ní Ṣágámù. Joel ni orúkọ tó wà láyà aṣọ funfun rẹ̀. Ó ka fọ́ọ̀mù Dókítà tí Motúnráyọ̀ fún un, ó yí ìgò kìíní po, ó yí èkejì po.

"Orúkọ wọn dà?"

"Ó wà nínú fọ́ọ̀mù, sà."

"Fọ́ọ̀mù kọ́ ni mo fẹ́ wò lábẹ́ awò. Láàárọ̀ yìí nìkan, ẹ̀dọ̀ èèyàn mẹ́ta ló ti wọlé síbí. Bí mo bá pe ti ẹlòmíràn ní ti aláìsàn yín, oògùn ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún wọn."

"Yìnyín ló bó o, sà. Ó bọ́ sínú omi."

Ọ̀gbẹ́ni Joel mí kanlẹ̀. Kò bínú, ìyẹn ló tún burú jù. Ó ṣàlàyé pé bó bá jẹ́ pé bébà náà bọ́ fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó bọ́. Ó lè ti bọ́ lórí tábìlì ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ gbé ìgò ẹlòmíràn fún un. Ó rọra ti ìgò méjèèjì padà sí i.

"N kò lè gbà á, ọmọ mi. Wọ́n máa ní láti tún aláìsàn yín gún."

Motúnráyọ̀ gbé kúlà jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta. Ó rántí ohun tí Dókítà sọ nípa ẹ̀jẹ̀ tí kì í tètè dá. Ó rántí Bàbá Luqman, tí kò ní gbà láéláé kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Bí òun bá dákẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Yìnyín ni wọn yóò dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n yìnyín kọ́ ni yóò gba abẹ́rẹ́ kejì.

Ó dìde. Èrò márùn-ún ti tò síwájú Ọ̀gbẹ́ni Joel nígbà náà, kò sì sí bó ṣe lè sọ ọ́ kí wọ́n má gbọ́.

"Sà, mo purọ́. Èmi ni mo yọ ọ́."

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Kí ló dé?" Ọ̀gbẹ́ni Joel béèrè.

"Ojú ló tì mí. Ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀, n kò sì fẹ́ kó rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀." Ó kó bébà méjèèjì sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Orúkọ ìyá mi nìyí, sà. Ìyá mi ló ni ìgò yìí. Kúlà náà kò kúrò lórí itan mi láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀rẹ́ mi ṣí i nínú mọ́tò, ó wò ó, ó sì dé e. Kò mú nǹkan kan níbẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Joel fa gíláàsì rẹ̀ bọ ojú. Ó mú bébà tó ya, ó gbé e sí igun tó ṣẹ́ kù lára ìgò. Wọ́n bá ara wọn mu, títí dé ìdajì lẹ́tà T tó ti pín sí méjì. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé fóònù, ó pe Dókítà Ayọ̀kúnmi, ó sì ní kí Motúnráyọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un fúnra rẹ̀.

Dókítà ní òun yóò wá ní ọ̀la láti fọwọ́ sí i pé òun mọ àwọn ìgò náà, kí wọ́n tọ́jú wọn sínú fíríìjì dìgbà náà.

Ìyá àgbà kan tó jókòó létí ògiri sún, ó sì fi ọwọ́ pàtẹ́ ibi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Wá jókòó," ó ní. Kò béèrè ohunkóhun.

Nígbà tí Motúnráyọ̀ padà dé ilé ìwòsàn, ó bá Bàbá Luqman lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀. Ó gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ wá, ó ń yọ eegun ẹja inú rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan fún aláìsàn. Motúnráyọ̀ kúnlẹ̀, ó sọ ohun tó ṣe. Kò fo ibi kankan.

"Kí lo sọ nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ béèrè pé ta ló ni ín?" ni ohun kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bi í.

"Mo ní kì í ṣe ti ẹni tí mo mọ̀."

Tàíbátù di ojú. Omi gba etí ojú rẹ̀ kọjá sórí ìrọ̀rí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

"Àìsàn mi, èmi ni mo ni ín. Ẹni tó bá wù mí ni mo máa sọ ọ́ fún, n kò sì rán ọ pé kí o máa kéde rẹ̀. O lè dákẹ́. O lè sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé kò kàn án. Ṣùgbọ́n má yọ orúkọ mi, Motúnráyọ̀. Má sọ pé o ò mọ̀ mí."

Motúnráyọ̀ gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ wá bà lé e lórí, ó gbóná nítorí ibà, ó sì fúyẹ́. Bàbá Luqman wúkọ́ díẹ̀.

"Ó padà lọ sọ òótọ́ lójú gbogbo èrò," ó ní, bí ẹni tó ń bá abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Àbúrò mi ló bí ọmọ yìí."

Ní ọjọ́ kejì, Dókítà Ayọ̀kúnmi fi èrò ilé ìtọ́jú sílẹ̀ láàárọ̀, ó sì fi mọ́tò rẹ̀ gbé Motúnráyọ̀ lọ sí Ṣágámù. Nígbà tí wọ́n ń jáde, Motúnráyọ̀ rí àwọn aláìsàn tó jókòó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n, àwọn àgbàlagbà. Gbogbo wọn ló dúró títí di ọ̀sán nítorí bébà méjì. Dókítà kò bá a wí lójú ọ̀nà. Kò wúlò mọ́.

Ó fọwọ́ sí i ní Ṣágámù, wọ́n gba àwọn ìgò náà, ó sì pé ọjọ́ mọ́kànlá kí èsì tó dé. Dókítà kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbójú sókè.

"Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni," ó ní. "Inú ẹ̀dọ̀ ló fi ṣe ilé. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi wúkọ́, tí a ò sì rí i nínú itọ́. Wọ́n rí kókó kéékèèké tó dá sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì rí kòkòrò náà gan-an." Ó gbé ìwé náà sílẹ̀. "Èmi tẹ́lẹ̀, jẹjẹrẹ ni mo rò. Ọ̀nà mìíràn pátápátá ni ǹ bá gbé yín gbà. Ó ní oògùn, Màmá. Ó ń lọ."

Tàíbátù bẹ̀rẹ̀ oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀, lójoojúmọ́, láìfo ọjọ́ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìrọ̀lẹ́ kan dé tí ibà kò bá a dé. Nígbà tó di oṣù kejì, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ tún ń jáde láti ṣọ́ọ̀bù Mọlípa, àwọn tó ń kọjá sì ń yà láti kí i.

Ibẹ̀ ni Ẹ̀bùnolúwa gbé aṣọ eré ìdárayá tuntun wá lọ́jọ́ Sátidé kan. Motúnráyọ̀ gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ ó ṣòro láti gbé jáde.

"Ohun tí o rí nínú kúlà lọ́jọ́ ìsinmi yẹn, ara ìyá mi ni wọ́n ti mú un. Wọ́n fẹ́ wo ẹ̀dọ̀ wọn. Mo ní mi ò mọ ẹni tó ni ín. Irọ́ ni mo pa."

Ẹ̀bùnolúwa wo ìyá tó ń rán aṣọ, ó tún wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Èyí tí mo pè ní ìdin?"

"Òun ni."

"Háà, Motún. Má bínú." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ló ṣe wọ́n?"

"Àwọn ló ni ìyẹn. Àwọn ló lè sọ ọ́." Motúnráyọ̀ kò wo ilẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. "Ohun tí èmi lè sọ ni pé ìyá mi ni, àwọn fúnra wọn ló sì gbà kí wọ́n gún àwọn kí a lè mọ òtítọ́. Ọ̀pọ̀ ni kò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Tàíbátù kò gbé orí sókè nídìí ẹ̀rọ. "Ìdin kẹ̀?" ó ní. "Òwú ni. Jókòó, ọmọ mi, jẹ́ kí a kọ orúkọ rẹ sí aṣọ yìí kí wọ́n má baà jí i."

Ẹ̀bùnolúwa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì jókòó.

Ẹ̀kọ́ tí Motúnráyọ̀ rí kọ́ nìyí, gbogbo ọ̀dọ́ ló sì lè bá a kọ́ ọ. Kò sí ìtìjú nínú àìsàn, kò sì sí nínú wíwá ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n yẹ òun wò ti fún ara rẹ̀ ní àǹfààní tí bàbá Motúnráyọ̀ kò rí. Ẹ lè bá ẹni yín pa àṣírí mọ́, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ojú bá tì yín títí ẹ fi sẹ́ ẹni yín, òun ni ìtìjú yín yóò ṣe léṣe. Bí irọ́ bá sì ti jáde lẹ́nu, ẹ tètè padà lọ mú òótọ́ wá. Ó lè má tíì pẹ́ jù.

Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí Ẹ̀bùnolúwa lọ tán, Motúnráyọ̀ gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó mú báàgì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, èyí tí kíláàsì máa ń rí lójoojúmọ́, ó sì fi òwú pupa gún ọ̀rọ̀ sí iwájú rẹ̀ níbi tí ojú kò ti ní fò ó: MOTÚNRÁYỌ̀, ỌMỌ TÀÍBÁTÙ. Ìyá rẹ̀ gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́tà lẹ́tà, ó sì fi ìka tọ́ àwọn àmì tó wà lórí orúkọ òun fúnra rẹ̀.

"Ó pé," ó ní.